Aláìsàn Tó Ń Rẹ́rìn-ín

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pa, inú fóònù ni ẹ̀kọ́ kó lọ. Ẹ bá mi wò ó o: báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fi fóònù tí ojú rẹ̀ ti là kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì? Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe pa á láṣẹ nìyẹn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wá ẹnì kan nínú ilé tí yóò dùbúlẹ̀ bí aláìsàn, kí ó wẹ̀ ẹ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí ó ká a sínú fídíò, kí ó fi ránṣẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá yege kò ní bá ẹgbẹ́ lọ sí ọdún ìkẹyìn.

Ọmọ káfíńtà wà lára wọn. "Nọ́ọ̀sì Inú Fóònù" ni àwọn aládùúgbò sọ ọ́, wọ́n á pè é tán, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ nìkan ló gbà pé nọ́ọ̀sì gidi ni. "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," ni bàbá wí, ó sì yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti jẹ́ aláìsàn. Nígbà tó rí i pé ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó rẹ́ igi mẹ́rin, ó fi wọ́n sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì wá ga bíi ti ọsibítù.

"Nọ́ọ̀sì tí ẹ̀yìn ń dùn," ó ní, "ta ló fẹ́ tọ́jú òun náà?"

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé bàbá mọ eré ṣe jù. Kámẹ́rà kò ní tíì tàn tán tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kérora: "Yéè! Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí o! Ìhà mi o!" Bí kànrìnkàn bá sì kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín á pa á, bẹ́ẹ̀dì á máa mì. Ìyá tó di fóònù mú náà á bú sẹ́rìn-ín, gbogbo fídíò á wá máa gbọ̀n jìnnìjìnnì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dákẹ́. Mo máa fèlì o."

"Ta ló máa fèlì? Aláìsàn wo ló tíì gbádùn ìtọ́jú tó báyìí rí?"

Wọ́n ká a títí ó fi sú wọn. Èyí tí ẹ̀rín inú rẹ̀ kéré jù ni ọmọ fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ wọn, obìnrin kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Ìyá Tún-un-ṣe.

Kí èsì tó dé, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ gbé abọ́ omi wọlé kí wọ́n tún fi dánra wò, ó bá bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń kérora.

"Yéè. Ìhà mi."

"Bàbá, ẹ sinmi eré. Mi ò tíì tan kámẹ́rà."

Ó jáde. Ó ká aṣọ tó gbẹ lórí okùn, ó jẹun, ó fọ abọ́. Nígbà tó padà wọlé, bàbá ṣì ń kérora, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ gbé ọwọ́ lé e níwájú orí, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì tó bo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí."

"Ṣebí torí kí ẹ̀yin má baà wọlé ni wọ́n ṣe ti ilé ìwé yín. Padà sílé, àbúrò mi."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni bàbá kú sí. Ẹlòmíràn ló wẹ̀ ẹ́. Òkèèrè ni ìyá àti ọmọ ti wo àwọn tó sin ín. Dókítà ní pípẹ́ tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé kọ́ ló pa á. Ọmọ ní òun gbọ́. Kò gba dókítà gbọ́, kò sì bá a jiyàn.

Kò sunkún. Àwọn èèyàn ní ọkàn rẹ̀ le, ó yẹ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Irọ́ ni. Ó kàn dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó kú ni. Ó ń jẹun, kò mọ adùn rẹ̀. Ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ nínú fóònù, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò mọ ohun tó kọ. Kò dùn ún, ìyẹn gan-an ló sì ń bà á lẹ́rù.

Lẹ́yìn náà ni èsì Ìyá Tún-un-ṣe dé: "Ọwọ́ rẹ dára. Ṣùgbọ́n aláìsàn ń rẹ́rìn-ín. Ibi ìtọ́jú kì í ṣe ibi eré. Tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí."

Ó fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, ó lọ gbálẹ̀. Ní tirẹ̀, ó ti parí nìyẹn. Kí ẹgbẹ́ máa lọ. Ìyá ló ka èsì náà. Ó gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí èèyàn kúkúrú ni, ó fi gun òkè, ó dùbúlẹ̀ sí ojú ibi tí ọkọ rẹ̀ máa ń sùn sí.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ń ṣàìsàn. Lọ pọn omi wá."

Ọmọ gbé fóònù ti fèrèsé. Ó ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn: "Mo fẹ́ fọ ojú yín báyìí mà. Ṣé omi ò gbóná jù?" Ìyá ní kò gbóná. Omijé ń ṣàn lọ sí etí ìyá. Ọmọ nù ún mọ́ ojú tó ń fọ̀, ó kọjá sí ọrùn. Kànrìnkàn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì kò mì.

Èsì kò pẹ́ rárá lọ́tẹ̀ yìí. Ìyá ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí fóònù dún, ọmọ sì kà á sókè: "O yege. Bá mi kí aláìsàn rẹ, ó ṣe é bíi gidi."

Ìyá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu etí rẹ̀ méjèèjì.

"Ta ló máa fèlì?" ló wí, gẹ́lẹ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́.

Ọmọ gbé abọ́ kó lọ da omi nù, ṣùgbọ́n kò dé ẹnu ọ̀nà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí bàbá rẹ́, omi dà sí i lára, ó sì wá ń dùn ún.