Ìgbín Tí N Kì Í Jẹ

Ọdún tí ọmọ mi obìnrin wọ JSS 1 ni ilé ìwé ní kí wọ́n ya igi ìdílé wá sí kíláàsì. Olùkọ́ ni èmi náà, inú mi sì dùn. Mo ra páálí funfun ní Ojúẹlẹ́gba, mo fi rúlà àti pẹ́ńsù fa àwọn ìlà rẹ̀. Nígbà tí ó kọ "fámílì" sókè, mo ní, "Rárá o, ìdílé là ń pè é." Mo tún ní kó kọ èèwọ̀ sábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, torí èèwọ̀ wà lára ohun tí a fi ń mọ ilé.

Ní tèmi, bírò ni mo ní kó fi kọ ọ́: ìgbín. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń sọ pé èèwọ̀ ìdílé bàbá mi ni, pé àkọ́bí nìkan ló mú. Àwọn àbúrò mi á máa gé ìgbín jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èmi á máa fi ipò àkọ́bí yangàn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, a gbé páálí náà lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Mushin. Bàbá mi ti kú, ṣùgbọ́n àbúrò wọn wá jẹun. Ọmọ mi kà á sí wọn létí. Àbúrò bàbá mi rẹ́rìn-ín títí.

"Ìgbín kẹ̀? Bàbá tó bí wa, àkọ́bí ni wọ́n. Bí ìgbín ò bá sí lọ́bẹ̀, wọn ò ní fọwọ́ kan òkèlè!"

"Bàbá àgbà, èèwọ̀ ilé ta wá ni Mọ́mì ń pa mọ́?" ọmọ mi bi wọ́n.

Ẹ̀rín kásẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n yíjú sí ìyá mi. "Ìyàwó, o ò tíì sọ fún un di òní?"

Mo rán ọmọ jáde. Ìyá mi wo ilẹ̀.

"Oyún rẹ ti wà nínú mi kí n tó wọ ilé yìí. Ilé ọkùnrin tó ni oyún náà ni kì í jẹ ìgbín. Ẹ̀rù bà mí kó má lọ ṣe ọ́ ní jàǹbá. Bàbá rẹ mọ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀."

Gbogbo wọn. Ìyẹn ló dùn mí jù. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n bi àgbà léèrè! Gbogbo ọdún la jọ ń jókòó yí abọ́ ká, tí wọ́n ń wò mí, tí ẹnikẹ́ni ò lanu.

"Ẹ bu ìgbín sí tèmi," mo wí.

Ìyá mi bu ọbẹ̀, wọ́n sì ṣa ìgbín inú rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti máa ń ṣe. N kò jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí a délé ní Súrùlérè, ọmọ mi ní, "Mọ́mì, bírò la fi kọ ìgbín yẹn o. Báwo la ṣe máa pa á rẹ́?"

Mo ní kó fi í sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí a kọ síbi tèmi, òun nìkan ni kì í ṣe irọ́. Ìlà tó so mí mọ́ bàbá mi ni mo ń wò. Pẹ́ńsù ni mo fi fà á.