Òróró Lára Táyà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Nichelino níbí, lẹ́bàá Turin ní Ítálì, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, kò sí ọjọ́ tí mo bẹ̀rù bíi Sátidé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni bàbá mi, ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, ó máa ń bá aládùúgbò wa kan ṣiṣẹ́, bàbá arúgbó ará Ítálì tó ń tún àwọn mọ́tò àtijọ́ ṣe, irú èyí tí òyìnbó kọ́kọ́ ṣe. Tí arúgbó yìí bá ti pààrọ̀ táyà tàbí sípíríǹgì, á wa mọ́tò náà sọ̀kalẹ̀ lórí òkè olókùúta láti dán an wò. Bàbá mi á dúró lórí pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, á di mọ́tò mú, á máa wo bí sípíríǹgì ṣe ń fò. Ìta ló máa ń dúró sí o, ẹ̀yin ọmọ!

Lọ́jọ́ kan, èmi àti ìyá mi bá wọn gun òkè náà. Aládùúrà paraku ni ìyá mi. Ó wo mọ́tò gíga náà, ó wo táyà tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ní, “Èyí ò ní pa ọkọ mi.” Bí àwọn ọkùnrin náà ṣe lọ yẹ ọ̀nà wò, ó yọ ìgò òróró ólífì nínú báàgì, ó gbàdúrà sí i, ó sì dà á sórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó dà á rin gbingbin ni.

Wọ́n gbéra. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, ìdí mọ́tò yọ̀, ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì. Mo rí ẹsẹ̀ bàbá mi tó ń fì lókè ọ̀gbun. Yéè! Mo tọ̀ sára. Mo ti rò pé mo ti di ọmọ aláìníbaba.

Inú oko àjàrà ni mọ́tò náà dúró sí, bàbá mi ṣì rọ̀ mọ́ ọn. Arúgbó bọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ kan táyà, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, “Olio?” òróró kẹ̀? Ìyá mi ti ń jó ní tiẹ̀. “Bàbá ọmọ, ẹ ò rí i bí òróró yẹn ṣe yọ yín!” Bàbá mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́. Kò gun pátákó yẹn mọ́.

Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń ní ayé àtijọ́ ló dára jù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dán mọ́tò wò ní Turin báyìí. Mo bi í pé ta ló máa ń dúró síta lára mọ́tò. Ó ní, “Nessuno, mamma,” kò sí ẹnikẹ́ni, ẹ̀rọ ló ń mi mọ́tò náà jìgìjìgì. Mo dúpẹ́. Nígbà tiwa, bàbá ọlọ́mọ ni wọ́n fi ń dán an wò.