Àwọn Ìyá Tó Ń Bá Wa Wẹ Ọmọ

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi ní Sábó Gàrí ní Kánò, ìyá mi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò sì mọ ọmọ wẹ̀. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa gbé omi gbígbóná àti kúnú, ohun mímu ọkà àwọn Hausa, wá, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún gbogbo abiyamọ tí ìyá rẹ̀ jìnnà. Àgbà inú wọn wẹ ọmọ, ó sọ ọ́ sókè, mo figbe ta.

Ó mọ̀ pé iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe. "Akọ̀ròyìn, ìwé lo mọ̀ ọ́n kọ," ó ní. "Wò mí dáadáa!"

Àwọn kan nínú àwọn ìyá yẹn ti kú, àwọn yòókù ti padà sí ìlú wọn. Lónìí, mo wẹ ọmọ-ọmọ mi tán, mi ò lè sọ ọ́ sókè; mo yíjú sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni pé ìyá àgbà yẹn máa wọlé wá bá mi sọ ọ́.

Ọmọ mi ní, "Màmá, ta lẹ ń wò lẹ́nu ọ̀nà?"