Ìyá Eléèépá Kú, Fáànù Gba Ìtọ́jú

Ìyá Eléèépá kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, iléeṣẹ́ ìwádìí tó fi ọdún mẹ́tàlélógún sìn lẹ ìwé ìdárò mọ́ ògiri, wọ́n pè é ní "òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó wa ọ̀wọ́n." Ẹ má bínú sí wọn. Ọdún mẹ́tàlélógún péré ni wọ́n rí láti fi mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó kéré jù.

Onímọ̀ kẹ́míkà ni obìnrin náà. Ṣé ẹ ti rí ohun pẹlẹbẹ kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta àti èèpo igi rí, tó dà bí èépá ojú egbò? Èmi àti ẹ̀yin a máa jókòó lé e lórí láì bìkítà. Ìyá Eléèépá ló ń ha á, tó ń lọ̀ ọ́ kúnná, tó ń rẹ ẹ́ sínú oògùn olóòórùn líle, títí àwọn èròjà inú rẹ̀ yóò fi yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ti wá, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé ìgò kékeré kan sókè fún mi. Ohun kan ń dán nínú rẹ̀ bí iyọ̀ aláwọ̀ ìyeyè.

"Ó rẹwà, àbí?" ló wí. "Òun ló ń wó àgùntàn mọ́lẹ̀."

Lọ́dún tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, àgùntàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lórí òkè. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn á kọ̀ láti gbé wọn, ìtọ̀ wọn á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ náà jókòó sínú ọ́fíìsì, wọ́n rí ìdí ọ̀rọ̀ náà kedere láti ojú fèrèsé: àwọn darandaran ni kò tọ́jú ẹran wọn. Ìyá Eléèépá ní tirẹ̀ gun òkè náà, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún. Ó bá bàbá kan tó jókòó ti abo àgùntàn tí kò lè dìde, tó ń fi kọ́ọ̀pù bu omi sí i lẹ́nu.

"Ìyá, wọ́n ní èmi ni mo pa á," bàbá náà wí.

"Kí ló ń jẹ láti ìgbà tí koríko ti tán?"

Bàbá nàka sí èépá ara àpáta. "Ìyẹn náà ni. Kí ló tún kù?"

Ó la ẹnu àgùntàn náà, ó yọ ohun tó há sí i léyín, ó fi bébà wé e. Oṣù mẹ́rin ló fi yẹ̀ ẹ́ wò kó tó mú májèlé náà: ásíìdì kan tó wà nínú èépá àpáta, tó tún bá nínú ikùn àwọn ẹran tó kú. Ó padà gun òkè, ó sọ fún wọn pé kí wọ́n kó ẹran kúrò níbi àpáta, kí wọ́n fún wọn ní koríko gbígbẹ. Ẹran ò kú mọ́. Orúkọ Ọ̀gá Àgbà ló wà lórí ìwé ìwádìí náà, ọkùnrin tí wọ́n ní ó béèrè bóyá èépá ọ̀hún máa ń rìn.

Oògùn tó fi ń rẹ èépá máa ń ta ni nímú. Fáànù kan ló yẹ kó máa fa èéfín rẹ̀ jáde, ó sì ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́fà. Lẹ́tà mẹ́sàn-án ló kọ. Mo ti ka ẹ̀dà wọn. Ìdáhùn ìkarùn-ún ni: "Ẹ ṣí fèrèsé." Wọ́n ti kan fèrèsé náà pa nítorí olè. Ó wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá Ọ̀gá Àgbà.

"Ọ̀gá, orí ń fọ́ wa lójoojúmọ́."

"Ìyá, ṣebí ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa májèlé? Ẹ má fà á símú."

Ìmọ̀ràn ńlá! Obìnrin náà ò tètè mọ̀ pé mímí ni àṣìṣe òun.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ fún mi pé tí ìyá òun bá dé láti ibi iṣẹ́, kì í gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó tó wẹ̀. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kó ọwọ́ sẹ́yìn, á máa fi ojú bá ọmọ náà ṣeré. "Òun fúnra ẹ̀ ló fi òfin yẹn lélẹ̀," ọmọbìnrin rẹ̀ wí, ó sì sunkún.

Mi ò sọ pé oògùn ló pa á. Dókítà ò tíì sọ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó bi í. Àgùntàn mẹ́rìnlá ni iléeṣẹ́ náà gba ẹ̀jẹ̀ wọn wò lọ́dún tó kọjá. Ti Ìyá Eléèépá ńkọ́? Wọn ò gbà á rí, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àmọ́ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n tún fáànù ṣe. Àlejò pàtàkì ń bọ̀.

Ọ̀gá Àgbà, ẹ dárúkọ ẹni tó ń gba lẹ́tà wọ̀nyẹn. Ẹ fi orúkọ ẹni tó ni ìwádìí sórí ìwádìí rẹ̀. Obìnrin méjì ṣì kù nínú yàrá yẹn, tí wọ́n bá a mí èéfín kan náà fún ọdún mẹ́fà. Ọ̀kan nínú wọn ti lóyún oṣù márùn-ún. Ẹ mú wọn lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́la. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kánjúkánjú, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sínú ìwé, kó fọwọ́ sí i, kó kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀.