Ìwé Àléébù tí Ládòkun So Mọ́ Ìṣó

Bí ẹ bá dé Ìṣẹ́yìn, tí ẹ ní kí wọ́n sọ ti Ládòkun fún yín, ti ewúrẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Ọdún 1977 ni. Àwọn àgbà àdúgbò fẹ́ ka ìwé ìkíni-káàbọ̀ fún ọ̀gá kan tó ń ti Ìbàdàn bọ̀, wọ́n sì gbé iṣẹ́ ìwé náà fún Ládòkun, torí òun nìkan ló ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó lè pa àṣìṣe ara rẹ̀ rẹ́. Ibi mẹ́rìnlá ló ti ṣe àṣìṣe nínú ojú ìwé kan ṣoṣo. Ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ni ẹ̀rọ náà sì fi nǹkan funfun bò, tó tẹ ọ̀rọ̀ tó tọ́ lé e lórí. Ìwé náà mọ́ tónítóní. Wọ́n gbé e sórí tábìlì, gbogbo èèyàn sì dìde láti kí àlejò. Ìgbà tí wọ́n máa fi jókòó padà, ewúrẹ́ kan ti wà nídìí tábìlì, ìdajì ìwé sì ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Ariwo ta. Wọ́n ń lé ewúrẹ́, ewúrẹ́ ń sá, ó sì ń jẹ ìkíni-káàbọ̀ lọ ní tirẹ̀. Alága kọjú sí Ládòkun, ó ní, "Ládòkun, kí lo fi sínú ìwé yìí?"

"Ògì ni, ẹ̀yin bàbá. Ògì àti ẹfun díẹ̀."

"Ògì! Nínú ìwé tí a fẹ́ kà fún àlejò!"

"Ẹ ò wá rí bó ṣe mọ́ tó?" ni Ládòkun wí, ó sì ń tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ewúrẹ́ gan-an ò lè mójú kúrò lára rẹ̀."

Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni Ládòkun tẹ́lẹ̀, Bàbá Fàtímọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Ẹnì kan ló gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti kú wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí kò padà wá gbé e mọ́. Ládòkun tú u palẹ̀, ó tún un tò, ó jí i dìde. Nígbà tó wá rí i pé bí èèyàn bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, àfi kó fa gbogbo ìwé ya kó tún un tẹ̀ látòkèdélẹ̀, inú bí i. Ó ní ìyà wo nìyẹn? Ó mú sípókù kẹ̀kẹ́ kan, ó tẹ̀ ẹ́ bí ìka ọwọ́, ó so fóòmù kékeré mọ́ ọn lórí, ó gbé agolo mílíìkì tó kún fún ògì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá fi okùn fà á dé ibi ẹsẹ̀. Bí o bá ṣàṣìṣe, o máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ìka sípókù a ki ara bọ ògì, a sì kun orí àṣìṣe náà. O máa wá fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ gbẹ, o sì tẹ ohun tó tọ́ lé e. Atúnwèéṣe ló sọ ọ́. Àdìjátù, ìyàwó rẹ̀, ní tòun kó máa pè é ní Ajògì, torí òwúrọ̀ kan kò sí mọ́ tó máa jí kó bá ògì rẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀.

Nígbà tí Àdìjátù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ògì funfun pamọ́ kó má bàa rí i, Ládòkun bu ògì bàbà. Gbogbo ìwé tó jáde lọ́sẹ̀ yẹn ní àmì pupa káàkiri bí ẹni tí ìgbóná mú.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí Ládòkun fi yàtọ̀ sí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yòókù. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ya àwòrán Atúnwèéṣe sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, gbangba lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì ń kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá dúró. Oníṣòwò kan wá láti Ìbàdàn, ó ní kó pa àwòrán yẹn rẹ́, kó ta àṣírí náà fún òun nìkan. Ládòkun wò ó títí. "Àṣírí wo? Ẹni tó ń da ẹran kọjá níbí láàárọ̀ mọ̀ ọ́n." Ọkùnrin náà tún àpò rẹ̀ gbé.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bèèrè. Ìwé àkọsílẹ̀ kan wà tó fi okùn so mọ́ ìṣó lára igi mángòrò iwájú ṣọ́ọ̀bù, pẹ́ńsùlù ń rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe Atúnwèéṣe tirẹ̀, tó sì rí àléébù kan, kó wá kọ ọ́ síbẹ̀: àléébù náà, ẹni tó rí i, àti àtúnṣe rẹ̀ bí ó bá mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀ Sátidé, gbogbo wọn a péjọ sábẹ́ igi láti jiyàn lé e. Tíṣà Cornelius ń ti Komu wá. Ọdẹ́bùnmi, ọdẹ tó tún ń rọ ìbọn, ń ti Ṣakí wá, a sì gbé ìbọn rẹ̀ ti igi bíi pé ẹranko wà nínú ìwé náà. Ọmọ́wùmí nìkan ni obìnrin àárín wọn. Táìpísì ni ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan ní Ìṣẹ́yìn níbẹ̀, òun ló sì ń rí àléébù jù.

Ìyọnu ibẹ̀ ni pé Ládòkun tó ní kí wọ́n wá kọ àléébù kò gba ọ̀kan rí.

"Bàbá Fàtímọ̀, ìka yìí ń kun ibi tí mi ò ní kó kùn," ni Ọmọ́wùmí máa wí.

"Kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ rẹ ló wúwo."

"Bàbá Fàtímọ̀, èèrà bo fáìlì wa."

"Kì í ṣe ẹ̀rọ. Ọ́fíìsì yín ló dọ̀tí."

Ó máa wí bẹ́ẹ̀ tán, á sì wá tún un ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bá wò ó. Ní Sátidé kejì, á ní bẹ́ẹ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ́wùmí fẹ́ràn rẹ̀ bíi bàbá tó bí i. Ọjọ́ mìíràn sì wà tó ń ṣe é bíi kó da ògì náà lé e lórí.

Lórí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́, Ọdẹ́bùnmi ló mú àtúnṣe wá. Ó ní kí wọ́n fún omi ewúro sínú ògì, ewúrẹ́ ò ní súnmọ́ ọn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lóòótọ́, ewúrẹ́ kankan ò jẹ ìwé mọ́ ní gbogbo Òkè-Ògùn. Àmọ́ àwọn akọ̀wé máa ń fi ìka kan ahọ́n kí wọ́n tó ṣí ìwé, kò sì pẹ́ tí gbogbo ọ́fíìsì fi ń tutọ́. Cornelius kọ ọ́ sínú ìwé àléébù pé, "Ewúrẹ́ ti bọ́, ó wá ku èèyàn." Ọdẹ́bùnmi ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Cornelius yìí kan náà ló kọ àléébù kan nígbà ọyẹ́ ọdún 1981, pé bí ọyẹ́ bá mú, ògì máa ń gbẹ jù, a sán, a sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó tọ́ tí wọ́n tẹ̀ lé e. Àṣìṣe àná a wá jókòó síbẹ̀ padà. Ládòkun kà á, ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà lé e lórí gbọọrọ. "Tíṣà, ẹ lọ fi omi bójú," ló wí. Bí ọ̀rọ̀ ọyẹ́ ṣe parí nìyẹn, títí di ọdún kejì.

Ní oṣù kìíní ọdún 1982, Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣuntókun, ọ̀gá Ọmọ́wùmí, pè é wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ìwé kan wà níwájú rẹ̀. Láti oṣù keje ni Ọmọ́wùmí ti tẹ̀ ẹ́, pé Ago-Amodu ni kí katakata ẹgbẹ́ ti kọ́kọ́ lọ roko. Nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́, ó ṣèèṣì tẹ Ogbooro. Ó fi Atúnwèéṣe kùn ún, ó tẹ Ago-Amodu lé e, ọ̀gá sì buwọ́ lù ú. Ní báyìí, awakọ̀ ti ka ìwé náà, ó ti wa katakata lọ sí Ogbooro, ó ti ń kọ ebè síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ará Ago-Amodu sì ti kún iwájú ọ́fíìsì, inú wọn ò dùn.

"Ìwé tí mo buwọ́ lù kọ́ nìyí," ni Ọ̀ṣuntókun wí. "O yí i padà. Iṣu mélòó ni àwọn ará Ogbooro gbé fún ọ?"

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ wò mí dáadáa, n ò rí iṣu kankan gbà! Ọyẹ́ ló bọ́ ọ."

"Ọyẹ́ mọ̀wé kà?" Ó ní bí kò bá rí ẹni tó lè jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di Ọjọ́ Ajé, kó kó ẹrù rẹ̀ máa lọ.

Iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ Ọmọ́wùmí àti ìyá rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló sì ká a lára ju oúnjẹ lọ, torí ta ló máa gba ẹni tí wọ́n lé nítorí ìwé tó yí padà? Ní Sátidé, ó lọ sábẹ́ igi mángòrò, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Gbogbo wọn kà á. Wọ́n wo ojú Ládòkun.

"Kì í ṣe ẹ̀rọ," ni Ládòkun wí. "Ọyẹ́ ni."

Ọmọ́wùmí dìde. "Bàbá Fàtímọ̀, ẹ̀rọ yín ló jẹ̀bi, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tíṣà ti kọ ọ́ lọ́dún tó kọjá, ẹ fa ìlà sí i. Bí ẹ ò bá wá sọ ọ́ lójú ọ̀gá mi, wọ́n máa pè mí ní olè." Ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ, kò sì dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ládòkun jókòó, ó ń wo ìlà pẹ́ńsùlù yẹn.

Ní Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án, wọ́n gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ níta. Ládòkun ló dé, nínú agbádá tó ń wọ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Ó di Atúnwèéṣe mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó há ìwé àléébù sí abíyá. Ọmọ́wùmí kò tíì mọ ohun tó wá sọ. Ládòkun jókòó, ó wúkọ́. "Ẹ̀rọ yìí," ó wí, ó sì tún wúkọ́. Ó bèèrè omi. Ó mu ún tán. "Ẹ̀rọ yìí... àga yín yìí ń mì o, ẹ bá mi wá sípánà."

"Bàbá, kí lẹ wá ṣe?" ni Ọ̀ṣuntókun bèèrè.

Ládòkun ṣí ìwé àléébù síbi ìlà pẹ́ńsùlù yẹn, ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ kà á. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi lọ́dún tó kọjá. Èmi ni mo fa ìlà yẹn." "Wàláì, ẹ̀rọ mi ló jẹ̀bi, èmi gan-an sì jẹ̀bi ju ẹ̀rọ lọ. Ọmọ yìí ò ṣe nǹkan kan."

Ọ̀ṣuntókun ò gbà bọ̀rọ̀. Ládòkun ní kó mú ìwé mìíràn tó dá a lójú wá nínú fáìlì. Ọ̀gá fa ìwé ìpè ìkómọ ọmọ tirẹ̀ tí Ọmọ́wùmí bá a tẹ̀ yọ, èyí tó ṣẹ́ kù lára àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá. "Ọjọ́bọ̀" ló wà níbẹ̀, funfun díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ládòkun fa pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ yọ lábẹ́ agbádá, ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ògì bọ́ sílẹ̀. "Ọjọ́rú" yọjú.

Ọ̀ṣuntókun la ẹnu, kò lè pa á dé. "Yéè! Ìdí nìyẹn tí àwọn àna mi fi wá ní Ọjọ́rú! Wọn ò bá ẹnì kankan nílé! Mo sì sọ fún wọn lójú gbogbo èèyàn pé wọn ò mọ̀wé!" Ó dìde, ó ń wá fìlà rẹ̀. Àfi kó lọ bẹ àwọn àna rẹ̀ kó tó ráyè gbọ́ ti katakata. Ní ẹnu ọ̀nà ló ti yíjú padà, ó ní, "Ọmọ́wùmí, jókòó síbi iṣẹ́ rẹ. Má bínú."

Níta, Ládòkun ní, "Má sọ fún Ọdẹ́bùnmi o." Ọmọ́wùmí ò sọ. Ládòkun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ yí Ìṣẹ́yìn ká kó tó di ìrọ̀lẹ́, àmọ́ bó ṣe ń sọ ọ́, òun ló ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku àtúnṣe. Sátidé mẹ́ta ni wọ́n fi jiyàn. Cornelius ní kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù sí i, Ọdẹ́bùnmi ní kí wọ́n fi oyin. Àdìjátù ń gbálẹ̀ nítòsí, ọ̀rọ̀ wọn sú u. Ó na ìgbálẹ̀ sí ẹsẹ̀ wọn, tó ń dán yinrin. "Kí lẹ fi pa ara yín tí ọyẹ́ ò fi là yín?"

Òrí ni. Gbogbo wọn wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n po òrí díẹ̀ mọ́ ògì, kò sì sán mọ́ láé. "Àdìjátù" ló wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ àtúnṣe, Ládòkun sì ni ó kọ ọ́, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà.

Ládòkun kú ní ọdún 1986, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, láìṣàìsàn rárá. Nígbà tí wọ́n ṣàdúrà ọjọ́ kẹjọ tán, àwọn ará Sátidé lọ jókòó sábẹ́ igi mángòrò. Wọ́n sọ ti ewúrẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ ti àna Ọ̀ṣuntókun, Ọdẹ́bùnmi rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá igi mú. Ọmọ́wùmí já ìwé àléébù kúrò lórí ìṣó, ó ń ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí ó fi dé inú ẹ̀yìn páálí, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í kọ nǹkan sí. Ọwọ́ ìkọ̀wé Ládòkun ló bá níbẹ̀. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni Sátidé tí Ọmọ́wùmí bínú lọ ilé.

Ó kà á sókè. "Àléébù: Ládòkun. Kì í tètè gbà pé òun ṣẹ̀. Ẹni tó rí i: Ọmọ́wùmí. Àtúnṣe:"

Kò sí nǹkan kan níwájú ìyẹn. Cornelius bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Omi bọ́ lójú Ọmọ́wùmí, ó sì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ kan náà. Ó fa pẹ́ńsùlù tó ń rọ̀ mọ́ra, ó kọ ọ́ sí àyè tó ṣófo náà pé, "Ó ti tún un ṣe fúnra rẹ̀, ní Ọjọ́ Ajé."

Ó sì so ìwé náà padà mọ́ ìṣó.