Àwọ̀n tí Wọ́n Ní Kí N Ṣọ́

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán ni kí n máa ṣọ́ àwọ̀n. Obìnrin oníṣẹ́ ọnà kan so ògbólógbòó àwọ̀n ẹja mẹ́fà mọ́ igi létí Odò Ọya, lẹ́yìn Old Market. Ihò ara wọn ló kà sí. Ó ní ẹni tó bá jókòó, tó ń wo odò gba inú ihò náà, ọkàn rẹ̀ á rọlẹ̀. Àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá wò ó yóò dé ní Sátidé. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ dáadáa, obìnrin náà yóò mú mi dání lọ síbi iṣẹ́ tó kàn.

Mo gbìyànjú rẹ̀. Mo rí omi, mo rí ọkọ̀ kan, mo sì ń ro àwọn ìwé ìwáṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fèsì sí. Mo dìde. Mo tún jókòó. N kò lè sọ pé irọ́ ni obìnrin náà ń pa. Ó lè jẹ́ pé lára tèmi nìkan ni kò ti ṣiṣẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ ra oúnjẹ. Nígbà tí mo padà, bàbá apẹja kan, ará Núpé, ti jókòó ti àwọ̀n tó tóbi jù lọ, ó ń fi òwú dí ihò rẹ̀.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí i! Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni."

"Haba! Ẹja tó bá gba ibẹ̀ sá lọ, ìwọ lo máa lé e mú?"

"Wọn ò fẹ́ fi pẹja, sà. Wíwò ni."

"Wíwò!" Ó rẹ́rìn-ín. "Létí omi yìí, ẹni tó bá rí àwọ̀n tó ya á ta kókó díẹ̀ sí i kó tó kọjá, ì báà má mọ ẹni tó ni ín. Di etí ibí mú, ọ̀lẹ."

Ó yẹ kí n lé e. Mo di etí àwọ̀n mú. Ó ń ta kókó, mo ń wo ìka rẹ̀. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ohun tó dá mi lójú ni pé n kò dìde.

Bàbá ti lọ nígbà tí obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́.

"Ta ló dí ihò mi?"

"Apẹja kan ni, Àǹtí. Èmi ni mo bá a di àwọ̀n mú."

"Ìwọ tí mo ní kó o ṣọ́ ọ?" Ó na àlùmọ́gàjí sí mi. "Ó yá, gé e."

Mo gé kókó méjì. Ọwọ́ mi kò lọ sí ìkẹta. Mo dá àlùmọ́gàjí náà padà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ẹlòmíràn. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ilé ní Gadumo, mo ń bá ara mi jiyàn. Títí di òní, n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé n kò ṣàṣìṣe.