Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Fún Mi Lómi

"Múl jusẹyo," ni Rùkáyá, ọmọ ọmọ mi, wí fún ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún wa ní ilé oúnjẹ àwọn ará Kòríà ní Jẹ́dà. Ó ní omi ni òun tọrọ, pé múl ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí omi dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tẹrí ba. Inú fíìmù wọn ló ti kọ́ ọ. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àmọ́ òde ni tèmi yìí ti kó tirẹ̀ wá sílé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mò ń padà sí Ìbàdàn pátápátá, mo sì fẹ́ gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ ní Yorùbá kí n tó lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, àdúgbò Hujun ní Mẹ́kà ni mo gbé dàgbà, nígbà tí bàbá mi ń kọ́ ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló mọ òórùn ọbẹ̀ ìyá mi. Òfin rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tó bá fẹ́ jẹun, kó kúnlẹ̀, kó fi Yorùbá tọrọ. Ọmọ Lárúbáwá mìíràn á kúnlẹ̀ tán, á gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, á wá máa wo ìkòkò. Sàfúrà ọ̀rẹ́ mi, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ìwó ṣùgbọ́n tí wọ́n ń bá a sọ Lárúbáwá nílé, ló tètè mọ̀ ọ́n jù. Á tọrọ oúnjẹ tán, á tún tọrọ ẹran.

Ibà mú Sàfúrà lọ́dún kan. Ìyá mi lọ jókòó tì í. Kò lókun mọ́, síbẹ̀ ó ń gbìyànjú àti kúnlẹ̀ lórí ẹní. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi." Ìyá mi gbé e lé itan, ó ń sunkún, ó ń fún un lómi. Ọjọ́ náà la sin ín. Láti ìgbà yẹn, ìyá mi kò jẹ́ kí ọmọ kankan kúnlẹ̀ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ti yọjú ló ń bu oúnjẹ fún. Bí gbólóhùn náà ṣe kúrò nílé wa nìyẹn.

Wọ́n ti wó ilé náà báyìí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Rùkáyá, oúnjẹ wa sì tutù. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

"Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní..." Ó wá ọ̀rọ̀ náà tì. "Múl."

Mo gbé ife tèmi lé e lọ́wọ́.